Láti Ìkòkò Aró Dé Ọwọ́ Ọmọdé

Kí ẹnikẹ́ni tó fi bébà ká ẹyẹ fún ọmọdé ṣeré, aró ti wà lára bébà. Ní ìlú Nara, ní Jàpáànù, ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹjọ, wọ́n rẹ bébà sínú aró títí ó fi dú bí ojú ọ̀run òru, wọ́n sì fi fàdákà kọ ọ̀rọ̀ Búdà sí i lára. Iná jó ilé tí ìwé náà wà ní 1667. Etí rẹ̀ jóná, aró ò ṣá. Ewé tí wọ́n fi ṣe aró ọ̀hún kì í ṣe ẹlú tiwa, ṣùgbọ́n àwọn ìyá aláró Ìtòkú ní Abẹ́òkúta á dá àwọ̀ náà mọ̀ lójú ẹsẹ̀.

Bébà wọ́n láyé àtijọ́, ojúbọ àti ẹ̀bùn ìjòyè ni wọ́n ń ká a sí. Nígbà tó pọ̀ lọ́jà ni ará ìlú tó dá sí i, tó fi di pé ní 1797 wọ́n tẹ ìwé kan ní Kyoto, Hiden Senbazuru Orikata: ọ̀nà 49 tí èèyàn lè gbà ká ẹyẹ agùfọn púpọ̀ láti ara bébà kan, tí wọn ò sì ní já kúrò lára wọn.

Ní Yúróòpù, lílọ́ ni àwọn kan ń lọ́ tiwọn. Wọ́n á gé bébà tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á wé e mọ́ igi ìyẹ́ ẹyẹ, kó lè jọ iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ wúrà. Elizabeth, ọmọ Ọba George Kẹta ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe é dáadáa. Ọwọ́ tó dilẹ̀ nìkan ló ráyè irú rẹ̀!

Ọmọ ọdún 18 ló tú àwọ̀ sílẹ̀ fún mẹ̀kúnnù. Oògùn ibà ni William Perkin ń wá ní London ní 1856, elésè-àlùkò ló bá pàdé. Ní 1897, ilé iṣẹ́ BASF ti ń ta aró àtọwọ́dá ní Jámánì. Ṣáájú ìgbà yẹn, Friedrich Fröbel, ará Jámánì, ti fi kíká bébà sínú iṣẹ́ ọmọ jéléósinmi. Irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ dé Tokyo ní 1876, bébà aláwọ̀ sì di ohun ìṣeré.

Ojú kan ni ọ̀pọ̀ bébà ilé iṣẹ́ ní àwọ̀ sí. Ká a ní ẹyẹ, funfun lè yọ lábẹ́ ìyẹ́. Èyí tó ti inú ìkòkò aró jáde kò ní ẹ̀yìn: ibi yòówù kí o ṣí i sí, aró ni.