Iṣẹ́ Kíkọ́ Lójú Oníbàárà: Ìtàn Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Ìròyìn àti Irinṣẹ́ Kọ̀ǹpútà ní Amẹ́ríkà



Bí a ṣe ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ nílẹ̀ Yorùbá kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Ọmọ tí a fi sẹ́nu iṣẹ́ aṣọ híhun kì í jókòó máa gbọ́ àlàyé nípa òfì títí ọdún yóò fi yí po. Ó ń ká òwú, ó ń wo ọwọ́ ọ̀gá. Nígbà tí ó bá sì yá, a óò fún un ní aṣọ tí ẹnìkan ti san owó rẹ̀ sílẹ̀, tí ẹni náà yóò wọ̀ lọ sí ìnáwó ní ọjọ́ tí a ti dá. Bí aṣọ náà kò bá dára, oníbàárà lè kọ̀ ọ́. Ẹ̀rù pé a lè kọ iṣẹ́ ẹni yìí wà lára ẹ̀kọ́ náà.

Ohun tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí ni bí irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ṣe wọ ilé-ẹ̀kọ́ ìròyìn ní Amẹ́ríkà, tí ó fi di pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà fún oníbàárà gidi. Kókó ọ̀rọ̀ mi ni pé oníbàárà ni ó sọ ẹ̀kọ́ yìí di ẹ̀kọ́ ní tòótọ́, ṣùgbọ́n oníbàárà nìkan kò tó. A gbọ́dọ̀ béèrè ẹni tí iṣẹ́ náà wà fún, àti ẹni tí ó ni ín.

Ìbẹ̀rẹ̀ ní Missouri

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹsàn-án ọdún 1908, Yunifásítì Missouri ṣí ilé-ẹ̀kọ́ ìròyìn rẹ̀ ní ìlú Columbia. Walter Williams ni ọ̀gá àkọ́kọ́ níbẹ̀. Olóòtú ìwé ìròyìn ni. Kò ka yunifásítì, ilé ìtẹ̀wé ni ó ti kọ́ iṣẹ́. Ní ọjọ́ tí ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ gan-an ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbé ẹ̀dà àkọ́kọ́ University Missourian jáde, ìwé ìròyìn tí a wá mọ̀ sí Columbia Missourian lẹ́yìn náà. Kì í ṣe ìwé inú ọgbà nìkan. Ìròyìn ìlú ni ó ń kọ, ará ìlú ni ó sì ń kà á.

Ẹ wo ìyàtọ̀ tí èyí mú wá. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ṣi orúkọ ènìyàn kọ nínú ìdánwò yóò pàdánù máàkì díẹ̀, ọ̀rọ̀ sì parí. Ẹni tí ó ṣi orúkọ aládùúgbò kọ nínú ìwé tí gbogbo ìlú ń kà, aládùúgbò náà lè wá bá a ní ọ́fíìsì láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Òǹkàwé di olùkọ́ kejì.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Lawrence

Adrian Holovaty jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ Missouri yìí ní ọdún 2001. Ó mọ ìròyìn, ó sì mọ ètò kọ̀ǹpútà. Ó lọ ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ìwé ìròyìn Lawrence Journal-World ní ìpínlẹ̀ Kansas. Ní ọdún 2003, Simon Willison wá bá a níbẹ̀ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Bath ni Willison. Ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ni ó ń kọ́, kì í ṣe ìròyìn, ṣùgbọ́n ilé ìròyìn ni ó di oníbàárà rẹ̀.

Ilé ìròyìn kò sì ní sùúrù. Bí olóòtú bá fẹ́ ojú-ewé tuntun lórí íntánẹ́ẹ̀tì nítorí ìdìbò tàbí eré ìdárayá, ó lè fẹ́ ẹ láàárín ọjọ́ díẹ̀, nígbà mìíràn láàárín wákàtí díẹ̀. Àwọn méjèèjì ṣàkíyèsí pé iṣẹ́ kan náà ni àwọn ń tún ṣe lemọ́lemọ́. Wọ́n kó àwọn apá tí ó máa ń padà wá jọ, wọ́n sì sọ wọ́n di ìpìlẹ̀ kan tí a lè kọ́ oríṣiríṣi ojú-ewé lé lórí, gẹ́gẹ́ bí bíríkìlà tí ó ṣe mọ́ọ̀dù búlọ́ọ̀kù kí ó má baà máa fi ọwọ́ lásán mọ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní oṣù keje ọdún 2005, a tú ètò náà sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni lè lò ó lọ́fẹ̀ẹ́, kí ó sì tún un ṣe. Django ni orúkọ rẹ̀, láti ara orúkọ onígìtá Django Reinhardt. Ẹni tí kò gbọ́ orúkọ Lawrence rí ti jẹ nínú èrè rẹ̀, nítorí pé orí rẹ̀ ni a kọ́ Instagram lé.

Cedar Rapids, ọdún 2008

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Lawrence fi hàn pé akọ̀ròyìn àti oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń fẹ́ ara wọn. Ní ọdún 2007, Knight Foundation fún Medill, ilé-ẹ̀kọ́ ìròyìn Yunifásítì Northwestern nítòsí Chicago, ní owó láti fi ran àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ kí wọ́n wá kọ́ ìròyìn. Brian Boyer àti Ryan Mark ni ó kọ́kọ́ jẹ àǹfààní náà. Ní apá ìparí ọdún 2008, a fún àwọn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní oníbàárà kan: ilé-iṣẹ́ tí ó ni ìwé ìròyìn The Gazette ní Cedar Rapids, ìpínlẹ̀ Iowa.

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ìṣòro oníbàárà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà fi bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀rọ: báwo ni a ṣe lè mú kí àwọn ọ̀dọ́ máa bá ara wọn jíròrò lórí ìròyìn ìlú wọn? Èsì tí wọ́n mú wá ni News Mixer, ètò tí ó la ọ̀nà mẹ́ta fún òǹkàwé: ó lè béèrè ìbéèrè lórí apá kan nínú ìròyìn kí ẹlòmíràn dáhùn, ó lè sọ gbólóhùn kúkúrú, ó sì lè kọ lẹ́tà sí olóòtú bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá gùn. Orúkọ tí òǹkàwé ń jẹ́ lórí Facebook ni ó fi ń wọlé, èyí tí ó lè dín èébú àwọn aláìlórúkọ kù. Orí Django ni wọ́n kọ́ ọ lé. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá wọn ṣe ní Lawrence di irinṣẹ́ lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn. Wọ́n sì tú iṣẹ́ tiwọn náà sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ní yunifásítì kan náà, ní ọdún 2009, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìròyìn àti ti kọ̀ǹpútà jọ ṣe StatsMonkey, ètò tí ó lè ti inú iye àmì ayò kọ ìròyìn eré bẹ́ẹ̀sìbọ́ọ̀lù láìsí akọ̀ròyìn níbẹ̀. Ní ọdún 2010, ilé-iṣẹ́ Narrative Science jáde láti inú iṣẹ́ náà. Ní ọdún 2021, ilé-iṣẹ́ ńlá Salesforce rà á.

Ohun tí ìtàn yìí ń béèrè

N kò sọ pé ó burú kí iṣẹ́ kíláàsì di ọjà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ìtàn méjèèjì pọ̀. Django wà níta fún gbogbo ènìyàn, títí kan akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní kọ́bọ̀. StatsMonkey di ohun ìní ilé-iṣẹ́. Kì í ṣe ọgbọ́n àwọn tí ó ṣe wọ́n ni ó fa ìyàtọ̀ yìí. Ìpinnu ni, ẹnìkan ni ó sì ṣe é.

Nítorí náà, kí olùkọ́ tó mú oníbàárà wọ kíláàsì, ìbéèrè mẹ́ta ni mo rò pé ó yẹ kí ó dáhùn. Èkíní, ta ni òǹkàwé? Oníbàárà ni ó ń sanwó, ṣùgbọ́n òǹkàwé ni akọ̀ròyìn ń sìn. Bí àwọn méjèèjì bá fẹ́ ohun tí ó tako ara wọn, tí akẹ́kọ̀ọ́ sì ti kọ́ láti máa tẹ́ ẹni tí ó ń sanwó nìkan lọ́rùn, oníṣòwò ni a kọ́, kì í ṣe akọ̀ròyìn. News Mixer pàápàá fi èyí hàn: ilẹ̀kùn tí ó lè dá eléèébú dúró, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ mìíràn tí kì í ṣe ará Cedar Rapids. Èkejì, ta ni yóò ni iṣẹ́ náà? Kí a kọ ọ́ sílẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀kẹta, ta ni yóò máa tọ́jú rẹ̀ nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá jáde? Ètò kọ̀ǹpútà dà bí ilé. Bí ẹnìkan kò bá gbé inú rẹ̀, yóò wó.

Ẹnìkan lè sọ pé ọ̀nà yìí yóò sọ akẹ́kọ̀ọ́ di alágbàṣe tí a kò san owó fún. Ewu náà wà ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n àṣà ìkọ́ṣẹ́ wa ti ní ìdáhùn sí i: ọmọ-iṣẹ́ ń sin ọ̀gá, ó sì mọ ọjọ́ tí òun yóò gba ìyọ̀ǹda, tí òun yóò kó irinṣẹ́ òun lọ dá dúró. Boyer àti Mark kó tiwọn lọ sí ilé-iṣẹ́ Chicago Tribune, wọ́n sì bá irú iṣẹ́ yìí lọ níbẹ̀ nígbà náà. Bí akẹ́kọ̀ọ́ tiwa náà bá parí iṣẹ́ oníbàárà, tí kò rí irinṣẹ́ kankan mú jáde, àwa olùkọ́ ni a jẹ ẹ́ ní gbèsè.