Ọmọ Ẹ̀kọ́ Àgbẹ̀: Àga Tàbí Ilẹ̀?

Ní 1921 ni ilé-ẹ̀kọ́ àgbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Moor Plantation, Ìbàdàn. Iṣẹ́ ìjọba ni a kọ́ àwọn ọmọ ibẹ̀ fún. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí fún ọ̀pọ̀ ẹni tí ó kọ́kọ́ gboyè àgbẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn.

Ní 1959, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ètò àbúlé àgbẹ̀. Àwọn ọmọ tí ó jáde ilé-ẹ̀kọ́ kékeré ni ó fún ní ilẹ̀ àti owó yíyá. Àwọn tí ó kàwé jù wọ́n lọ ń bójú tó wọn, wọ́n sì ń gba owó oṣù.

Nígbà tí iṣẹ́ ìjọba di ọ̀wọ́n lẹ́yìn 1986, ọ̀pọ̀ ọmọwé àgbẹ̀ kò rí àga jókòó sí, wọn kò sì ní ilẹ̀ tí wọn yóò ro.