Oğlu: Ọmọ Ta Ni, Ọmọ Ibo Ni?

Bí mo bá fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi rí iṣẹ́ àfòmọ́ ìparí, èyí tí èdè tiwa kò ní, orúkọ ìdílé kan láti Tọ́kì ni mo máa ń kọ sójú pátákó: Demircioğlu. “Demir” ni irin. “-Ci” sọ ọ́ di alágbẹ̀dẹ. “Oğul” ni ọmọkùnrin. “-u” tó gbẹ̀yìn ló ń jẹ́rìí pé ọmọ náà lẹ́ni tó ni ín. Bó ṣe wọlé ni fáwẹ́lì kejì inú “oğul” pa jẹ. Bí wọ́n bá sọ pé “demircinin oğlu”, ọmọ alágbẹ̀dẹ kan tí gbogbo àdúgbò mọ̀ ni. Ẹ yọ “-nin” kúrò, ó di orúkọ ìran.

Ọ̀rọ̀ “oğlu” yìí ti dàgbà. Lára òkúta Kül Tigin, tí wọ́n gbé ró ní àfonífojì Orkhon ní Mòngólíà lọ́dún 732, “kişi oglı” ni wọ́n pe ẹ̀dá: ọmọ ènìyàn, bí àwa náà ṣe ń wí. Nígbà tó yá, àwọn ọba ń fi ṣe orúkọ ìdílé: Karamanoğulları, Osmanoğulları. Mẹ̀kúnnù ní tirẹ̀ kò ní orúkọ ìdílé kan tó dúró. Orúkọ baba ló ń ṣíwájú tirẹ̀: İsmail oğlu Mehmed.

Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹfà ọdún 1934, òfin 2525 ti Tọ́kì pàṣẹ pé kí olúkúlùkù mú orúkọ ìdílé. Ìlànà tó tẹ̀lé e ló wá burú lójú tèmi. Ó ní “-yan” àwọn ará Arméníà, “-pulos” àwọn Gíríìkì, “-of” àwọn ará Bùlgáríà, títí kan “-zade” ti Páṣíà, kò gbọdọ̀ sí mọ́. “Oğlu” ni kí wọ́n fi rọ́pò wọn. Ọ̀rọ̀ tó ti ń dáhùn “ọmọ ta ni?” láti bí 1,200 ọdún ni ìjọba wá fi ń dáhùn “ọmọ ibo ni?”

Agop Martayan, ọmọ Arméníà tí wọ́n bí ní Istanbul lọ́dún 1895, wà lára àwọn onímọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní Türk Dil Kurumu, àjọ tó ń bójú tó èdè Tọ́kì. Atatürk, ààrẹ Tọ́kì nígbà náà, fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Dilâçar, ẹni tó ń ṣí èdè. Oyè ńlá ni, ṣùgbọ́n “-yan” bá a lọ. Nígbà tí ìwé rẹ̀ lórí Kutadgu Bilig, ìwé ewì àtijọ́ kan, jáde ní 1972, A. Dilâçar ló wà níwájú ìwé: ti Agop, lẹ́tà kan péré ló kù.