Ìpínyà àti Ìdàpọ̀: Ètò Tẹlifóònù ní Amẹ́ríkà àti Nàìjíríà, àti Ìpín Ilẹ̀ Ìkálẹ̀ Nínú Rẹ̀

Ohun tí bébà yìí fẹ́ yẹ̀ wò ni ọ̀nà méjì tí ó yàtọ̀ síra tí a gbà tún ètò tẹlifóònù tò láàárín ọdún kan, àti ẹ̀kọ́ tí ìlú bí Òkìtìpupa lè rí kọ́ níbẹ̀.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1984, ilé-iṣẹ́ AT&T ní Amẹ́ríkà jọ̀wọ́ àwọn ẹ̀ka abẹ́lé rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ agbègbè méje ni ó ti ibẹ̀ jáde. Lára wọn ni BellSouth, NYNEX àti Southwestern Bell. Òdìkejì èyí ni Nàìjíríà ṣe ní ọdún 1985. Ìjọba àpapọ̀ yọ ẹ̀ka tẹlifóònù kúrò lára iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́, ó sì dà á pọ̀ mọ́ NET, ilé-iṣẹ́ tí ó ń bójú tó ìpè sí òkè-òkun láti ọdún 1962. NITEL ni a sọ wọ́n dà.

Ìdàpọ̀ yìí kò ṣàì ní ìdí. Owó kò pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà. Àgbájọ ọwọ́ ni a sì fi ń sọ àyà. Ṣùgbọ́n ibi tí orílẹ̀-èdè méjèèjì ti gbéra kò dọ́gba. Kí Amẹ́ríkà tó pín tirẹ̀, èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ìdílé ibẹ̀ ti ní tẹlifóònù. Ìlà 18,724 péré ni Nàìjíríà fi gba òmìnira ní ọdún 1960, àwọn ìlú ńlá ni ó sì pọ̀ sí jù.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan ilẹ̀ Ìkálẹ̀. Nígbà náà, wáyà ní láti dé ilé kọ̀ọ̀kan kí ìpè tó lè dé ibẹ̀. Ìlú tí èrò rẹ̀ kò pọ̀ kì í sì í mú owó púpọ̀ wọlé. Ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo tí kò ní olùdíje, tí àṣẹ rẹ̀ ń ti ọ̀nà jíjìn wá, kò rí ohun tí yóò lé e yára dé irú ìlú bẹ́ẹ̀. Títí di ọdún 2001, ìlà tí ó ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo Nàìjíríà kò ju nǹkan bí 500,000 lọ. Oṣù kẹjọ ọdún náà ni Econet àti MTN bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ GSM, tí kò nílò wáyà dé ẹnu ọ̀nà ilé. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Síbẹ̀, ìpínyà nìkan kọ́ ni oògùn. Ní ọdún 2005, Southwestern Bell, tí ó ti ń jẹ́ SBC nígbà náà, ra AT&T tí ó bí i. Nítorí náà, ìbéèrè tí ó tọ́ kí òpìtàn bi kì í ṣe bóyá a pín tàbí a dà pọ̀, bí kò ṣe èyí: ta ni ó di dandan fún láti dé ìlú tí ó gbẹ̀yìn?