Ẹ́ńjìnì Tí Wọn Ò Tíì Ṣí

Nínú òwò ọkọ̀ àlòkù ní ilẹ̀ Yorùbá lónìí, gbólóhùn kan wà tó máa ń tètè mú kí olùrà tọwọ́ bàpò: "wọn ò tíì ṣí ẹ́ńjìnì rẹ̀ rí." Ẹni tó tú ẹ́ńjìnì palẹ̀, tó pààrọ̀ ríìngì àti bíárìn, tó náwó gidi kó tó gbé ọkọ̀ lọ sọ́jà, lè gba owó tó kéré sí ti ẹni tí kò fọwọ́ kan tirẹ̀ rárá. Kò rí bẹ́ẹ̀ látilẹ̀wá. Ìgbà kan wà tó jẹ́ pé ẹ́ńjìnì tí ọ̀gá mẹkáníìkì ti tún ṣe ló ń mú kí ọkọ̀ yá níta.

Ní 1906 ni títì mọ́tò Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ bẹ̀rẹ̀, èyí tí wọ́n sábà máa ń kà sí àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ní Èkó, W. A. Dawodu, tó fi iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀, di ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí tó kọ́kọ́ ń ta mọ́tò tí wọ́n sì ń tún un ṣe. Nígbà tó yá, owó kòkó mú kí lọ́rì pọ̀ lójú ọ̀nà, bolẹ̀kájà sì gbòde: Bedford tí káfíńtà ìbílẹ̀ fi pákó kan ara rẹ̀. Bí ara pákó bá bàjẹ́, káfíńtà wà ládùúgbò. Ẹ́ńjìnì ní tirẹ̀, ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé e wá. Kò sí ibi tí olùrà lásán ti lè rí òmíràn rà bí èyí tó wà nínú lọ́rì bá kọṣẹ́, nítorí náà ẹ́ńjìnì tó ti gbó ń ba owó gbogbo lọ́rì náà jẹ́. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń tún un ṣe kí wọ́n tó ta lọ́rì: alọrin á lọ inú sìlíńdà kó fẹ̀ díẹ̀ sí i, á lọ kíráńkì kó dán, wọ́n á wá fi písítìn àti bíárìn tó bá ìwọ̀n tuntun náà mu sí i. Orúkọ ẹni tó ṣe é ni ẹ̀rí. Bí olùrà bá béèrè, tí wọ́n sì dárúkọ ọ̀gá tí gbogbo gáréèjì mọ̀, ọ̀rọ̀ iye owó nìkan ló kù.

Ọkọ̀ méjì ló gbé àṣà yìí dé góńgó. Àkọ́kọ́ ni Volkswagen tí Mandilas ń kó wọlé, tí àwọn èèyàn sọ ní Ìjàpá nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ tó rí roboto. Èkejì ni Peugeot 504. Owó Udoji tí ìjọba san fún òṣìṣẹ́ ní 1974 sí 1975 sọ ọ̀pọ̀ èèyàn di ọlọ́kọ̀, ní 1975 yìí kan náà sì ni ilé iṣẹ́ Volkswagen ní Ọ̀jọ́ àti ti Peugeot ní Kàdúná bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀. Ẹ́ńjìnì Ìjàpá kò lo omi. Atẹ́gùn ló ń tù ú lára. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ló wà, bọ́ọ̀tì mẹ́rin péré ló so ó mọ́ gíá, débi pé mẹkáníìkì àti ọmọṣẹ́ rẹ̀ lè sọ ọ́ kalẹ̀ kí oòrùn tó mú. Ti 504 tún dára ju bẹ́ẹ̀ lọ fún àtúnṣe. Láínà, ìyẹn òrùka irin gígùn tí písítìn ń lọ sókè sódò nínú rẹ̀, ṣeé yọ. Bí ó bá ti jẹ, kò sí pé wọ́n ń gbé ẹ́ńjìnì lọ sí ṣọ́ọ̀bù alọrin; wọ́n á ra láínà àti písítìn tuntun pọ̀, wọ́n á yọ ti àtijọ́, wọ́n á ti tuntun bọ̀ ọ́. Àwọn tó ṣe ẹ́ńjìnì yìí rò ó pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí yóò gbó, wọ́n sì ṣètò sílẹ̀ de ọjọ́ náà. Ẹni tó mú rìsíìtì láínà tuntun lọ́wọ́ ní ẹnu láti fi nájà 504 rẹ̀.

Láti 1982 ni ìjọba ti ń dín ọjà tó ń wọlé kù, páàtì tuntun sì di ọ̀wọ́n. Ní 1986, SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ìjọba, dé. Náírà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá dọ́là dọ́gba ní 1985 ti di nǹkan bíi mẹ́rin sí dọ́là kan ní 1987. Ọkọ̀ tuntun kọjá agbára olùkọ́ àti akọ̀wé, ọkọ̀ tòkunbọ̀ sì gba ipò rẹ̀, tí púpọ̀ nínú rẹ̀ ń gba Kútọnú wọlé. Orúkọ ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun tí wọ́n gbé wálé ni wọ́n sọ ọkọ̀ náà.

Síbẹ̀, ohun tó yí ìpinnu àwọn tó ń ta ọkọ̀ padà jù lọ ni ẹ́ńjìnì tó ń bá ọkọ̀ wọ̀nyí wọlé lọ́tọ̀. Wọ́n ń tú ọkọ̀ tí wọ́n ti pa tì nílùú òyìnbó, wọ́n ń kó ẹ́ńjìnì rẹ̀ sínú kọ̀ǹténà. "Bẹ́ljíọ̀mù" ni wọ́n ń pe gbogbo irú rẹ̀, bó tiẹ̀ jẹ́ pé Jámánì tàbí Japan ni òmíràn ti wá. Ní Ládípọ̀ ní Muṣin, àti ní Ararọ̀mí ní Géètì, Ìbàdàn, odindi ẹ́ńjìnì wà nílẹ̀ bí ẹni to iṣu. Iṣẹ́ tí ń gba ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ alọrin wá di iṣẹ́ ọjọ́ kan tàbí méjì. Olùrà tó mọ èyí kò ní sanwó àtúnṣe ẹlòmíràn. "Ẹ jẹ́ kí n gbé e bó ṣe wà, mo máa fi Bẹ́ljíọ̀mù sí i" ni yóò sọ, yóò sì yọ owó Bẹ́ljíọ̀mù náà kúrò nínú iye tó fẹ́ san. Ẹni tó ti tún un ṣe tẹ́lẹ̀ ti náwó tí kò ní rí gbà padà.

Ìfura tún dé, torí ẹ́ńjìnì tí wọ́n ti ṣí máa ń fi àmì hàn. Gọ́ọ̀mù tí mẹkáníìkì fi dí gásíkẹ́ẹ̀tì máa ń yọ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́, sípánà sì máa ń họ orí bọ́ọ̀tì. Mẹkáníìkì tí olùrà mú dání á dé láàárọ̀ kí wọ́n tó ṣáná sí ọkọ̀. Á ní kí wọ́n ṣáná, á ṣí ọmọrí ọ́ìlì nígbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́, bí èéfín bá ń rú jáde níbẹ̀ láìdáwọ́ dúró, ó mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí ríìngì ti jẹ. Àwọn kan máa ń da ọ́ìlì tó nípọn sínú ẹ́ńjìnì, kódà ọ́ìlì gíá, kí ariwo lè rẹlẹ̀ kí èéfín sì dín kù títí ọkọ̀ á fi kúrò lọ́wọ́ wọn. Ìtànjẹ gbáà ni, ẹni tó sì ṣe iṣẹ́ òótọ́ ló ń jìyà rẹ̀ jù, torí ìtànjẹ yìí ló sọ gbogbo ẹ́ńjìnì tí sípánà ti kàn di ohun àfurasí. Bí àtúnṣe ṣíṣe kí a tó ta ọkọ̀ ṣe wá mọ sórí ohun kéékèèké nìyí: ọ́ìlì tuntun, pílọ́ọ̀gì, bélíìtì, gásíkẹ́ẹ̀tì tó ń jò.

Ọkọ̀ tó jáde lẹ́yìn ọdún 2000 tún dá kún un. Blọ́ọ̀kù púpọ̀ nínú wọn di álúmíníọ́mù, láínà irin inú rẹ̀ sì di èyí tí wọ́n yọ́ pọ̀ mọ́ ọn, tí kò ṣeé fà yọ bíi ti 504. Camry onísìlíńdà mẹ́rin ti 2007 sí 2009, lára èyí tí wọ́n ń pè ní Muscle, lókìkí fún jíjẹ ọ́ìlì. Ní Amẹ́ríkà, Toyota ṣe ètò fún ìgbà díẹ̀ láti pààrọ̀ písítìn àti ríìngì irú ẹ́ńjìnì yìí lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó ra tirẹ̀ ní tòkunbọ̀ kò jẹ nínú ètò náà. Ọ́ìlì ló ń rà kún un títí yóò fi tà á.

Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2017, ìjọba fòfin de gbígbé ọkọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé. Lẹ́yìn náà, dọ́là tó jẹ́ nǹkan bíi 460 náírà ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023 kọjá 1,400 kí 2024 tó parí, Bẹ́ljíọ̀mù sì gbówó lórí pẹ̀lú rẹ̀. Ìṣirò àtijọ́ ti tún ń padà bọ̀. Kí ọlọ́kọ̀ tó fi ọkọ̀ síta, ó di dandan kó béèrè iye mẹ́ta: iye tí alọrin máa gbà, iye tí Bẹ́ljíọ̀mù ń lọ lọ́sẹ̀ yẹn, àti iye tí olùrà máa san bó bá fi ẹ́ńjìnì náà sílẹ̀ bó ṣe wà.