Ẹ̀wọ̀n Piacenza àti Òfin Ítálì
Nínú ẹ̀wọ̀n ìlú Piacenza, ní àríwá Ítálì, ẹni mẹ́ta ni wọ́n ń kó nígbà kan rí sí yàrá tí kò ju mítà onígun mẹ́rin 9 lọ. Ẹlẹ́wọ̀n méje, láti ibẹ̀ àti láti ẹ̀wọ̀n Busto Arsizio, pe Ítálì lẹ́jọ́ ní Strasbourg. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kìíní ọdún 2013, Ilé-Ẹjọ́ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti Yúróòpù, tó wà níbẹ̀, dá wọn láre: ìhámọ́ bẹ́ẹ̀ jẹ́ ìwà àbùkù, ó sì tàpá sí àdéhùn ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn tí wọ́n fọwọ́ sí ní Róòmù lọ́dún 1950. Ó fún ìjọba lọ́dún kan láti wá àtúnṣe. Òfin ọdún 2014 ni èso rẹ̀, èso tó tọ́ gidigidi: ọjọ́ mẹ́wàá nínú irú ìyà yẹn ń dín ọjọ́ kan kù nínú ẹ̀wọ̀n, ẹni tó ti jáde lè gba yúrò 8 fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan.