Alùpùpù Kì í Ṣe Iṣẹ́ Ìtìjú: Ìtàn Eré Motocross àti Ẹ̀kọ́ Rẹ̀ fún Ilẹ̀ Ẹ̀gbá

Ní ọjọ́ tí wọ́n sin ọlọ́kadà kan ní àdúgbò wa ní Láfẹ́nwá, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tò tẹ̀lé òkú rẹ̀ lọ sí itẹ́. Gẹ́gẹ́ bí àṣà wọn, wọ́n ń fun fèrè, wọ́n ń sá eré àsápajúdé. Àwọn kan dìde dúró lórí alùpùpù, àwọn mìíràn gbé táyà iwájú sókè. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi dúró ní ẹ̀gbẹ́ títì, a ń pàtẹ́wọ́ fún wọn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi, Bùọ̀dá Ṣẹ́gun, wà láàárín wọn. Kí wọ́n tó dé itẹ́, táyà rẹ̀ yọ̀ lórí iyanrìn, ó ṣubú, egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ sì dá sí méjì. Ìyá mi sunkún títí. Nígbà tó dákẹ́, ohun tó sọ ni pé iṣẹ́ ọmọ ìta ni iṣẹ́ alùpùpù, pé kò sí ẹni tó ń gùn ún tó ní láárí.

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, nítorí mo mọ̀ pé Bùọ̀dá Ṣẹ́gun kì í ṣe ọmọ ìta. Owó alùpùpù yẹn ló fi ń san owó ilé ìwé àwọn àbúrò rẹ̀. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí bóyá àwọn ìlú mìíràn ti ní irú ìṣòro yìí rí. Ohun tí mo rí ni pé wọ́n ti ní in, wọ́n sì borí rẹ̀. Ìtàn eré ìje alùpùpù lórí ilẹ̀ gbágungbàgun, èyí tí ayé ń pè ní motocross, fi hàn pé ètò tí a bá ṣe yí alùpùpù ká ló ń fún ẹni tó ń gùn ún ní iyì, àìsí ètò ló sì ń fún un ní àbùkù.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ilé. Bàbá àgbà mi jẹ́ tísà ní abúlé kan ní agbègbè Ọ̀dẹ̀dá. Ó sọ fún mi pé láyé wọn, tísà, nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bẹ oko kòkó wò ni wọ́n ń gun alùpùpù. Bí ọmọdé bá gbọ́ ìró rẹ̀ lókèèrè, á sáré jáde láti wò ó, àgbà á sì kí ẹni tó gùn ún tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ní ọdún 1979, ilé iṣẹ́ Honda dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ ní Ọ̀tà, ní ìpínlẹ̀ Ògùn wa níbí, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe alùpùpù jáde níbẹ̀ ní ọdún 1981.

Lẹ́yìn náà ni ayé yí padà. Ní ọdún 1986, ìjọba àpapọ̀ gbé ètò ọrọ̀ ajé tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí SAP kalẹ̀. Náírà wálẹ̀, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ di ọ̀wọ́n gógó, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ pàdánù iṣẹ́ wọn, àwọn tó jáde ní yunifásítì náà kò rí iṣẹ́ ṣe. Ẹni tó bá ní alùpùpù wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi í kó èrò kí ó lè jẹun. Àwọn èèyàn fi àwàdà sọ ọ́ ní ọ̀kadà. Orúkọ yẹn wá láti ara ọkọ̀ òfúrufú Okada Air, tí Olóyè Gabriel Igbinedion dá sílẹ̀ ní ọdún 1983, tó sì fi orúkọ ìlú rẹ̀ pè. Bí ọkọ̀ òfúrufú ṣe ń fò kọjá ni alùpùpù ń fò kọjá súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó kọ́ àwọn tó ń gùn ún. Ẹni tó ra alùpùpù láàárọ̀ lè gbé èrò nírọ̀lẹ́. Ibẹ̀ ni iyì ti bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Ní òkè òkun, rúkèrúdò ni eré alùpùpù fi bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 1924, àwọn ọ̀dọ́ kan kó ara wọn jọ ní Camberley, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti fi alùpùpù sá eré nínú igbó, ẹrẹ̀ àti òkè. Alùpùpù tí wọ́n ń gùn lọ sí ibi iṣẹ́ lójoojúmọ́ náà ni wọ́n fi sá a. Wọ́n ní ẹnì kan nínú wọn sọ pé eré náà yóò rí wúruwùru, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó lò, «scramble», ló sì di orúkọ eré náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn Faransé ló pa orúkọ alùpùpù pọ̀ mọ́ ti eré inú pápá, tó fi di motocross.

Ọdún 1947 ṣe pàtàkì nínú ìtàn yìí, nítorí ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀. Ní ìlú Hollister ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn ọlọ́kọ̀ alùpùpù ya wọ ìlú fún ọdún, wọ́n mutí yó, wọ́n sáré káàkiri títì, wọ́n sì da ìlú rú. Ìròyìn rẹ̀ tàn káàkiri, wọ́n fi ṣe fíìmù, ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà sì gbà pé jàǹdùkú ni gbogbo ẹni tó ń gun alùpùpù. Ní ọdún kan náà, ní Wassenaar, ní ilẹ̀ Netherlands, wọ́n ṣe ìdíje motocross láàárín àwọn orílẹ̀-èdè fún ìgbà àkọ́kọ́, Bìrìtìkó ló sì gbégbá orókè. Alùpùpù ni wọ́n gùn ní Hollister, alùpùpù náà ni wọ́n gùn ní Wassenaar. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé Wassenaar ní pápá, òfin àti adájọ́.

Láti ìgbà náà ni eré yìí ti ń gòkè. FIM, àjọ àgbáyé fún eré alùpùpù, tí wọ́n ti dá sílẹ̀ láti ọdún 1904, bẹ̀rẹ̀ ìdíje motocross ti ilẹ̀ Yúróòpù ní ọdún 1952, ó sì sọ ọ́ di ti àgbáyé ní ọdún 1957. Bẹ́ljíọ̀mù, orílẹ̀-èdè kékeré, sọ ọ́ di iṣẹ́ ìdílé. Harry Everts gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé nígbà mẹ́rin, ọmọ rẹ̀ Stefan sì gbà á nígbà mẹ́wàá. Ní ọdún 1972, wọ́n kó erùpẹ̀ wọ inú pápá ìṣeré ńlá kan ní Los Angeles, wọ́n mọ òkè àtọwọ́dá síbẹ̀, àwọn òbí àti ọmọ sì jókòó wòran. Ọmọ ọdún 16 kan, Marty Tripes, ló borí lọ́jọ́ yẹn. Lórílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ń pe àwọn ọlọ́kọ̀ alùpùpù ní jàǹdùkú, ìdílé ń san owó báyìí láti wò wọ́n.

Kí ni wọ́n ṣe tí iyì fi wọ̀ ọ́? Nínú motocross, irin ìdènà kan náà ló ń wó lulẹ̀ níwájú gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹnikẹ́ni má bàa fi ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ṣáájú. Wọ́n pín àwọn eléré ní ìsọ̀rí gẹ́gẹ́ bí agbára ẹ́ńjìnnì, ọmọdé sì ní alùpùpù kékeré tirẹ̀. Bí ẹnì kan bá ṣubú, wọ́n á ju àsíá aláwọ̀ ìyeyè. Ẹni tó bá rí i gbọ́dọ̀ dín eré kù, kò gbọdọ̀ fò, kò sì gbọdọ̀ ya ẹnikẹ́ni sílẹ̀ níbẹ̀. Dókítà wà nítòsí. Kò sí ẹni tó lè wọ pápá láìdé akoto, láìwọ bàtà gígùn.

Akoto yìí ní ìtàn tirẹ̀. Ní ọdún 1935, gbajúmọ̀ ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan, T. E. Lawrence, ṣubú lórí alùpùpù, ó sì kú lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́fà. Ọ̀kan nínú àwọn dókítà tó tọ́jú rẹ̀, Hugh Cairns, oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣèwádìí bí akoto ṣe lè gba ẹ̀mí là. Nígbà tó fi máa di ọdún 1941, ẹgbẹ́ ọmọ ogun Bìrìtìkó ti pàṣẹ pé gbogbo ọmọ ogun tó bá ń gun alùpùpù gbọ́dọ̀ dé e. Ikú ẹnì kan di ààbò fún ọ̀pọ̀lọpọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Ẹ̀gbá gbọ̀ngbọ̀n. Nígbà tí wọ́n dá àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, sílẹ̀ ní ọdún 1988, ọmọ Abẹ́òkúta, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká, ni alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Ní oṣù Kìíní ọdún 2009, àjọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọlọ́kadà tí kò bá dé akoto. Ní àwọn ìlú kan, àwọn ọlọ́kadà gbé igbá dé orí láti fi tan ọlọ́pàá jẹ. Gbogbo ayé fi wá rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n igbá kò lè gba orí lọ́wọ́ ọ̀dà títì. Orí ara wọn ni wọ́n ń tàn jẹ.

Ẹnì kan lè sọ pé eré òyìnbó ni, pé kò kàn wá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Greg Albertyn, ọmọ South Africa, gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé ní 1992, 1993 àti 1994. Ní Uganda, níbi tí ọ̀kadà ti pọ̀ bíi tiwa, pápá motocross wà ní Busiika. Ní Amẹ́ríkà, James Stewart, ọmọ adúláwọ̀, gba ife-ẹ̀yẹ orílẹ̀-èdè náà ní ọdún 2002. Ní ọdún 2008, ìje 24 ni wọ́n sá ní sáà náà, gbogbo rẹ̀ pátá ló sì borí.

Abẹ́òkúta pàápàá kì í ṣe àjèjì sí eré ìdárayá. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Abiola Babes, tí Olóyè M.K.O. Abíọ́lá dá sílẹ̀, gba ife-ẹ̀yẹ orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ní 1985 àti 1987. Ìpínlẹ̀ Ògùn gbàlejò ìdíje eré ìdárayá gbogbo Nàìjíríà ní 2006, ó sì tún gbà á lálejò ní 2025. Ní ti òkè, àpáta àti ilẹ̀ pupa, Olódùmarè ti fún wa. Ohun tí ìlú mìíràn ń fi katakata mọ, à ń fi ẹsẹ̀ gùn ún lọ sí ilé ìwé.

Mo mọ̀ pé àwọn òbí yóò béèrè ibi tí owó yóò ti wá, nítorí alùpùpù motocross wọ́n ju ọ̀kadà lọ fíìfíì. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé alùpùpù lásán ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní Camberley. A lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ilẹ̀ kan lẹ́yìn ìlú, tí ẹgbẹ́ ọlọ́kadà, ẹ̀ṣọ́ ojú pópó àti nọ́ọ̀sì yóò jọ máa bójú tó. Kí wọ́n kọ́ àwọn ọ̀dọ́ bí a ṣe ń tẹ bíréèkì lórí iyanrìn, bí a ṣe ń ṣubú láìkú, kí wọ́n sì máa dán wọn wò kí wọ́n tó gbé èrò. Kí àwọn mẹ́káníìkì wa kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì níbẹ̀. Bí ọ̀dọ́ bá ní pápá tó lè ti fi eré rẹ̀ hàn, kò ní fi títì ìgboro àti ọjọ́ ìsìnkú ṣe é mọ́.

Ẹsẹ̀ Bùọ̀dá Ṣẹ́gun ti jinná, ó sì ti padà sẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ṣì ń tiro díẹ̀. Ní ọjọ́ kan mo sọ ìtàn James Stewart fún un. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá bi mí pé, «Ṣé ìyá rẹ̀ máa ń wá wòran?» Mo ní ìdílé rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbé e gun alùpùpù. Ó wo ìyá mi tó ń já ewédú lẹ́nu ọ̀nà, kò sì sọ nǹkan kan. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò tíì rí i kó jáde láìdé akoto.